Ọdún Tí Àlejò Wọ Ilé Ìdáná Ìyá Àgbà

Ní ilé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, kò sí ẹni tí kò ní àlàyé tirẹ̀ lórí ìdí tí àwọn òyìnbó tó ń wá wo òkè fi ń dín kù. Tọ́ńtọ́ Rọ́jé, àbúrò bàbá mi, ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa ló ń lé wọn. Ìyá mi ní ọ̀nà ọ̀dà ni. Pé nígbà tí ọ̀nà ṣì rí gbágungbàgun, kò sí bí ọkọ̀ kò ṣe ní dúró ní Ṣábẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó ti wá ń dán yìí, ta ni yóò tẹ bíréèkì nítorí òkúta? Àlàájì, ará Nàìjíríà tó ń ta ohun mímu tútù ní òdìkejì ilé wa, ní òyìnbó ìwòyí ń gbé omi tirẹ̀ kiri nínú ìgò, àti pé ẹni tó bá gbé omi wá sí ilé ẹlòmíràn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìyá Àgbà, tó bí bàbá mi tó sì bí Tọ́ńtọ́, kì í sábà dá sí i. Ọjọ́ tó dá sí i, ó ní òkè kì í sá, òkè kì í bímọ, ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan, kí ló tún kù tó fẹ́ wá wò? Nígbà náà, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni mo máa ń gbà gbọ́. Ní báyìí tí mo ti jáde ní fásitì, tí mo ti ka oríṣiríṣi ìwé lórí bí àwọn arìnrìn-àjò ṣe ń pọ̀ tí wọ́n sì ń dín kù káàkiri ayé, mo lè sọ pé kò sí èyí tó parọ́ pátápátá nínú wọn, kò sì sí èyí tó wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní dandan ni kí n yan ọ̀kan, ti Ìyá Àgbà ni n óò yàn, kì í sì í ṣe nítorí pé òun ló tọ́ mi dàgbà.

Bí mo ṣe rántí rẹ̀, ìrìn àwọn òyìnbó àtijọ́ dà bí ti ẹyẹ lékèélékèé. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń dé. Wọ́n á bà pọ̀, wọ́n á sì gbéra pọ̀. Bọ́ọ̀sì ńlá á dúró létí títì, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á gbójú sókè sí òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò ewúrẹ́ wa, àwa ọmọdé tó bá sì gbọ́n a máa lọ dúró ti ewúrẹ́ náà. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wọn á rọra béèrè ibi tí èèyàn ti lè ṣe gáà. Tọ́ńtọ́ á ṣáájú rẹ̀ lọ bí ẹni ń mú ọba lọ sí ààfin. Obìnrin náà á wọlé, á sì jáde ní kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ. Awakọ̀ á fọn fèrè, eruku á bo gbogbo wa. Orí ìyára ìjáde yẹn ni Tọ́ńtọ́ kọ́ gbogbo àlàyé rẹ̀ lé. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó rò ó pé fèrè awakọ̀ náà lè ní ọwọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ohùn ilé wa ló máa ń jí mi nígbà náà. Ìgbálẹ̀ ìyá mi ló ń kọ́kọ́ dún, ó ń lọ sọ́tùn-ún sósì lórí ilẹ̀ àgbàlá. Àwọn adìyẹ á tẹ̀ lé e, wọ́n á máa ta ko iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ìyàwó Kékeré láti ibi gbogbo. Ìyàwó Kékeré ni aya Tọ́ńtọ́. Ó ti bímọ, ọmọ rẹ̀ àgbà ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí kò tíì sí ìyàwó mìíràn tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀, òun ni kékeré, òun sì ni à ń rán. Ìyàwó Kékeré, igi ti tán. Ìyàwó Kékeré, ta ló ń lu ilẹ̀kùn yẹn? Ó máa ń sọ fún ìyá mi pé bí òun bá kú, wọn yóò kọ́kọ́ rán òun níṣẹ́ kan kí wọ́n tó gbé òun jáde. Ìyá mi, tó jẹ́ ìyàwó àgbà, á ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, á sì ní kó bá òun mú ìjókòó wá.

Láàárín àgbàlá yìí ni ilé ìdáná Ìyá Àgbà wà. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, koríko ni òrùlé rẹ̀, èéfín sì ti kun inú rẹ̀ dúdú títí tó fi ń dán bíi bàtà tuntun. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fà á lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú òfin kan: àlejò kì í rí iná. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé àlejò ilé wa, ìbáà jẹ́ àna, ìbáà jẹ́ pásítọ̀ tàbí lèmọ́ọ̀mù, kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò jókòó sí, oúnjẹ ni yóò wá bá a níbẹ̀ pẹ̀lú ìdérí lórí. Ìyá Àgbà ní àlejò tó bá rí ìwọ̀n iṣu inú ìkòkò yóò máa fojú pín in fún gbogbo ẹni tó wà nílé, ẹni tó bá sì ń pín oúnjẹ lọ́kàn kò lè jẹ ẹ́ yó. Òfin yìí ní ìdajì kejì. Àlejò tó mọ ilé tó wọ̀ á ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú àwo, ẹran kékeré kan pẹ̀lú òkèlè, fún àwọn ọmọdé. Bí a bá rí i bẹ́ẹ̀, a mọ̀ pé ó yó. Ọmọ ilé nìkan ló ń jẹ àwo mọ́ rekete, òun náà ló sì ń gbé e wọlé lọ fọ̀. Mo ti wádìí lẹ́yìn náà bóyá gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ ló ń pa òfin yìí mọ́. Rárá o. Ní Bóni, níbi tí wọ́n ti bí ìyá mi, àlejò lè wọ ilé ìdáná kó tún tan sìgá rẹ̀ lára iná. Ṣùgbọ́n ní ilé tiwa, òfin ni, àwa tí à ń jẹ ẹran kékeré náà kò sì ní ẹjọ́ kankan sí i.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Tọ́ńtọ́ ti Kùtọ̀nú dé pẹ̀lú èrò ńlá. Ó sùn ní òtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀, nígbà tó sì padà wá kò lè sọ̀rọ̀ nípa ohun mìíràn mọ́. Ó kọ́ yàrá kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ó tẹ́ kárò, táìlì funfun tó ń dán, sí ilẹ̀ rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kọ́ sí òkè, ó fi dígí ńlá sí ògiri àti òdòdó oníke tí kì í rọ. Ó ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó jẹ́ pé bí èèyàn bá tẹ nǹkan kan, omi á ya wá pẹ̀lú ariwo. Àwọn aládùúgbò sì wá gbọ́ ọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù: bọ́ọ̀sì kò ní ibi tí yóò ti yí orí padà, àfi ibi tí ilé ìdáná Ìyá Àgbà wà. Tọ́ńtọ́ kó bíríkì jọ sẹ́bàá ògiri amọ̀ náà kó lè jẹ́ ìkìlọ̀ pé wọn yóò wó o. Ìyá Àgbà wo bíríkì náà, ó rí i pé oòrùn ń mú un dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá ata lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹbí nígbà tí bàbá mi, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Paraku àti ìkọjá rẹ̀, wà nílé. Tọ́ńtọ́ ṣàlàyé títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní ayé ti lọ, pé ẹni tó bá fẹ́ kí òyìnbó sùn lọ́dọ̀ òun gbọ́dọ̀ fún un ní ohun tó ní nílé rẹ̀.

Ìyá Àgbà béèrè pé, "Bó bá ní i nílé rẹ̀, kí ló wá wá níbí?"

Bàbá mi ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà ní òun kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló dínà ọmọ òun. Ó ní, "Rọ́jé, jẹ́ kí àlejò kan wá. Kí o gbà á sí yàrá rẹ. Lọ́jọ́ tó bá ń lọ, n óò bi í léèrè ohun tó wá rí. Bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ ní yàrá ni, èmi fúnra mi ni n óò kó ìkòkò mi jáde." Tọ́ńtọ́ dúpẹ́ kó tó parí ọ̀rọ̀. A mọ̀ pé Ìyá Àgbà kì í yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti bá obìnrin kan jà rí nítorí ewé ẹ̀kọ, ó búra pé òun kò ní gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá mọ́. Nígbà tí obìnrin náà kú, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ kí wọn kú ọ̀fọ̀, ó sì sunkún dáadáa níbẹ̀.

Àsìkò tí kajú, ìyẹn káṣú, ń so ni àlejò náà dé. Tọ́ńtọ́ ti ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá òun gbé fọ́tò ilé wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń retí bọ́ọ̀sì. Orí zẹ́mì, alùpùpù akérò, ni obìnrin náà jókòó sí, báàgì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ga jù ú lọ. Tọ́ńtọ́ sáré kọjá lára rẹ̀ lọ sí títì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó padà wá béèrè ibi tí àwọn yòókù wà. Obìnrin náà ní òun ni gbogbo wọn. Klẹ́ẹ̀ lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni ní ilẹ̀ Faransé, kì í ṣe ọmọdé, kò sì tíì dàgbà. Ó ní òun fẹ́ gbé lọ́dọ̀ wa títí ìsinmi òun yóò fi parí. Tọ́ńtọ́ fi yàrá hàn án. Ó tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ó tẹ omi kó dún. Klẹ́ẹ̀ yìn ín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti bá a, ó na ara rẹ̀ sórí ẹní, ewúrẹ́ kan sùn sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Tọ́ńtọ́ wọlé lọ yẹ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wò.

Oúnjẹ ló wá dá ìjà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn ìjà. Ìyá mi gún iyán, ó fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti wàràkàṣì sí i, wọ́n gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìdérí. Klẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó fi òkèlè ìkẹyìn nu àwo. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, Ìyá Àgbà rí àwo tó ń dán, ó gbà pé ebi ṣì ń pa àlejò. Ó ní kí wọ́n tún bù sí i. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ní ilé tí wọ́n ti tọ́ Klẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ṣẹ́ oúnjẹ kù ti bú ẹni tó sè é. Nítorí náà ó jẹ ẹ́ tán. Wọ́n tún bù sí i. Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi gún iyán bí ẹni tó ń gún ti ìnáwó, ó ní òun kò rí irú ikùn bẹ́ẹ̀ rí, pé ibo ló ń gbé e sí? Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, Klẹ́ẹ̀ jókòó síwájú àwo náà bí ẹni tó fẹ́ wọ ìjàkadì, ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Àwa ọmọdé tó ti ara wa mọ́ ògiri ló jìyà jù lọ. A ń wo ẹran kékeré wa bó ṣe ń lọ. Ìwà ọmọlúàbí méjì ló pàdé nínú àwo kan, kò sì sí èyí tó fẹ́ yà fún èkejì.

Nígbà tí kò lè borí oúnjẹ náà, ó pinnu láti lọ bá a níbi tó ti ń wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé àwo òfìfo rẹ̀, ó dìde, ó forí lé ilé ìdáná. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí Ìyá Àgbà tó sáré. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà lọ jókòó," ohùn rẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n kò sí àyè láti kọjá. Klẹ́ẹ̀ yíjú sí Tọ́ńtọ́, ó sọ̀rọ̀ pẹ́ ní èdè Faransé, ó ń tọ́ka sí ààrò, ó ń fi ọwọ́ ro nǹkan tí kò sí níbẹ̀.

Tọ́ńtọ́ ní, "Ìyá, ó ní èéfín yìí pọ̀."

Ìyá mi, tó kọ́ èdè Faransé díẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ní Bóni, gbójú sókè láti ibi tó ti ń ṣa ẹ̀gúsí. "Rọ́jé, kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn o."

"Mo gé e kúrú ni."

"Ó ní òun kò fẹ́ jẹ́ ẹni tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún mọ́. Ó ní òun fẹ́ jókòó ti iná, kóun kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè é."

Ìyá Àgbà gba àwo lọ́wọ́ Klẹ́ẹ̀, ó sì wọlé lọ bá ìkòkò rẹ̀. Mo máa ń rò ó wò nígbà mìíràn, ipò tó wà lọ́jọ́ yẹn. Bó bá jẹ́ kí obìnrin náà wọlé, ó ṣeé ṣe kó gbádùn ibẹ̀ ju yàrá lọ, kí ilé ìdáná sì dúró. Ṣùgbọ́n àlejò ni, òfin ilé ìdáná ni a ó sì fi ra ilé ìdáná padà. Bí a bá sì ti ba òfin rẹ̀ jẹ́, kí ni a gbà là, bí kò ṣe ògiri amọ̀ àti èéfín? Ìyá mi ní àwa kọ́ la máa kọ́kọ́ yí nǹkan padà. Ìyàwó Kékeré ní kí wọ́n kúkú dibọ́n bí ẹni pé wọn kò rí i. Ìyá Àgbà ní iná rí i. Ó jẹ obì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìyá mi tó gbálẹ̀ tán, Ìyá Àgbà pe gbogbo ilé. Ó ní kí Ìyàwó Kékeré pọn omi tútù sínú igbá. Ó mú Klẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ó mú un dúró síwájú ilé ìdáná, ó ní kó bọ́ bàtà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo orúnkún tó ń dùn ún, ó da omi náà sí ẹsẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìyàwó tuntun kó tó wọlé ọkọ. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Klẹ́ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé ẹsẹ̀ òun ló dọ̀tí.

Ìyá Àgbà ní, "Àlejò kì í rí iná. Mi ò gbọ́ pé wọ́n dárúkọ ìyàwó."

Tọ́ńtọ́ ti ń lààgùn. "Ìyá, ìyàwó ta ni?"

"Ìyàwó ilé."

"Ilé kì í fẹ́ ìyàwó."

"Ta ló ń jẹ iyán tó bá gún? Ilé ni. Ta ló ń mu omi tó bá pọn? Ilé ni. Ìwọ ò fẹ́ ẹnì kankan, má bẹ̀rù." Ó yíjú sí Klẹ́ẹ̀. Títí di àná, ẹ̀yin ló ń pè é. Ó ní, "Ìwọ, wọlé."

Ohun tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan ṣoṣo ló ti ń retí rẹ̀ láti ọdún púpọ̀, kò sì mọ̀ pé yóò dé lọ́jọ́ kan. Ìyàwó Kékeré fa àpótí kan, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ síwájú. Ó ní, "Ìyàwó, lọ gbé omi wá." Ohùn tó fi sọ ọ́, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó jọ pé ó ti ń tọ́jú rẹ̀ síbì kan. Klẹ́ẹ̀ sáré lọ. Ó tún ní kó lọ mú ìgbálẹ̀ wá. Ó ní kó gbé ìgbálẹ̀ padà. Ìyá mi ní kó jẹ́ kí obìnrin náà sinmi. Ìyàwó Kékeré béèrè pé ta ló jẹ́ kí òun sinmi nígbà tí òun dé? Klẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ kò fẹ́ sinmi. Ó ro ọkà títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, ó sunkún nídìí àlùbọ́sà, ó jókòó sórí àpótí kékeré pẹ̀lú eérú nínú irun, ó sì sọ fún ìyá mi pé láti ìgbà tóun ti ń lọ fún ìsinmi, òun kò tíì rí irú èyí. Ní fásitì, wọ́n ní orúkọ gígùn fún irú ìsinmi bẹ́ẹ̀, níbi tí àlejò ti ń fẹ́ gbé bí àwọn onílé ṣe ń gbé. Ní ilé wa, rírán ni wọ́n ń rán an níṣẹ́.

Òfin ìyàwó kò mọ síbẹ̀. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ àbísọ ọmọ kankan tó bá nílé. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wa, àti èmi obìnrin, àti ọmọ Ìyàwó Kékeré tó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní. Èyí yà á lẹ́nu. Ó ní òun kò mọ̀ pé òun yóò ní ọkọ tó pọ̀ tó báyìí, àti pé àwọn kan kò tíì léyín. Ó ní láti fún olúkúlùkù wa ní orúkọ tuntun. Nígbà tó kàn mí, ó béèrè lọ́wọ́ ìyá mi ohun tí mo máa ń sọ ní gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ̀ lé òun kiri. Ìyá mi ní, "Kí ló dé?" ni. Bí mo ṣe di Kílódé nìyẹn, n kò sì tíì bọ́ nínú rẹ̀ títí di òní.

Ìròyìn kì í pẹ́ kó tó gba títì kọjá. Àlàájì jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń dúró de Tọ́ńtọ́. Ó ní, "Rọ́jé, o kú oríire o, bí o ò tilẹ̀ pè wá jẹun." Tọ́ńtọ́ ní kì í ṣe ìyàwó òun. Àlàájì ní ta ló wá fẹ́ ẹ? Tọ́ńtọ́, tó jẹ́ olóòótọ́ èèyàn bí kò bá ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀, ní ìyá òun ní ilé ni. Àlàájì ronú sí i. "Bó bá jẹ́ ilé ni, á jẹ́ pé yàrá oníkárò yẹn ni ọkọ. Mo sì gbọ́ pé kò sùn níbẹ̀." Ó mi orí. "Kí ni yàrá náà ṣe fún un?"

Ṣùgbọ́n Tọ́ńtọ́ ṣì ní ìrètí, kò sì jẹ́ ìrètí òmùgọ̀. Lójoojúmọ́ ni Klẹ́ẹ̀ ń wẹ̀ nínú yàrá náà. Ó máa ń pẹ́ níbẹ̀, ó máa ń kọrin, bó bá sì jáde á yin omi. Gbogbo wa ló gbọ́ ọ. Ìyá Àgbà náà gbọ́ ọ. Bí ọjọ́ tó máa lọ ṣe ń sún mọ́, mo rí i tó ń fọ àwọn ìkòkò tí kò lò, ó ń dojú wọn dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níta, bí ẹni tó fẹ́ mọ bí wọn yóò ṣe rí lábẹ́ oòrùn.

Ọjọ́ náà pé. Zẹ́mì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tọ́ńtọ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti nu kárò yàrá, ó sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kí dígí lè máa tàn sí àgbàlá. Àlàájì ti sọdá wá, ó ní òun wá dágbére fún ìyàwó àdúgbò. Ìyá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀, ó béèrè ìbéèrè náà gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ pé òun yóò béèrè rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. "Kí lo wá rí lọ́dọ̀ wa?"

Tọ́ńtọ́ la ẹnu láti túmọ̀ rẹ̀. Klẹ́ẹ̀ gbé ọwọ́ sókè dá a dúró. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, bí Ìyàwó Kékeré ṣe kọ́ ọ, ó sì wá ọ̀rọ̀ wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì.

"Iná ni, Ìyá." Ó wo yàrá náà, nítorí pé kò fẹ́ parọ́. "Omi yàrá dára." Tọ́ńtọ́ sún síwájú. "Mo ní i nílé."

Àlàájì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Tọ́ńtọ́ dúró títí, lẹ́yìn náà ó lọ ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Ìyá Àgbà kò sọ pé òun borí. Ó ní kí wọ́n wá bá òun kó àwọn ìkòkò wọlé, oòrùn ń ba wọ́n jẹ́. Ìyàwó Kékeré nìkan ló sunkún tọkàntọkàn bí alùpùpù náà ṣe ń lọ. Ó di kékeré padà.

Kò pẹ́ lórí ipò náà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn wá, ní ẹyọ ẹyọ, ní méjì méjì, wọ́n ní Klẹ́ẹ̀ ló júwe ilé wa. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé tìtorí rẹ̀ ni bọ́ọ̀sì kò fi dúró mọ́. Ohun púpọ̀ ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà, owó ọkọ̀ òfuurufú, ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní ìsinmi. Ohun tí mo lè sọ ni pé Ìyá Àgbà fọ ẹsẹ̀ gbogbo wọn. Bàbá àgbàlagbà kan wà nínú wọn, onírunmú funfun, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Òun náà di ìyàwó. Ìyàwó Kékeré rán an lọ ṣẹ́gi, nígbà tó sì jókòó ti iná, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ayọ̀ ni tàbí èéfín. Tọ́ńtọ́ kó lọ sínú yàrá oníkárò fúnra rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ máa bàjẹ́ bí ẹnì kan kò bá lò ó. Bíríkì rẹ̀ ni wọ́n fi mọ ìdí ògiri ilé ìdáná kí àgbàrá má baà jẹ ẹ́, ó sì ku èyí tí Ìyá Àgbà ń sá ata lé. Àwọn tó ń wá lẹ́nu àìpẹ́ yìí tún yàtọ̀. Wọn kì í sùn mọ́. Fóònù ni wọ́n nà síwájú. Ọ̀kan ní kí Ìyá Àgbà tún ẹsẹ̀ òun fọ̀, nítorí pé àwòrán ti àkọ́kọ́ kò mọ́lẹ̀ tó. Ìyá Àgbà ní wọn kì í gbé ìyàwó wọlé lẹ́ẹ̀mejì ní òwúrọ̀ kan.

Ní ọdún tó kọjá, mo wá sílé lẹ́yìn ìgbà pípẹ́. Mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà fún iṣẹ́ ìparí ẹ̀kọ́ mi, lórí àwọn àlejò wọ̀nyí gan-an. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí zẹ́mì pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn mi àti ìgò omi tí mo rà ní Kùtọ̀nú lọ́wọ́ mi. Ìyá Àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó wo báàgì náà. Ó wo ìgò omi náà pẹ́. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó."

Mo rò pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Mo ní èmi ni, Ìyá, èmi Kílódé. Ó ní òun rí mi. Ìyàwó Kékeré, tí irun rẹ̀ ti ń funfun, gbé oúnjẹ wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìdérí lórí, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń wọn ọ̀rọ̀ náà wò. Wọn kò lè fọ ẹsẹ̀ mi, ọmọ ilé kì í ṣe ìyàwó ilé. Bí mo bá ṣẹ́ ẹran kù fún àwọn ọmọdé tó ti ara wọn mọ́ ògiri, mo ti gbà pé àlejò ni mí. Mo jẹ iyán náà tán. Mo jẹ ẹran náà, ojú àwọn ọmọ náà sì tẹ̀ lé e títí dé ẹnu mi. Mo fi òkèlè ìkẹyìn nu àwo títí tó fi ń dán, mo dìde, mo gbé e dúró níwájú Ìyá Àgbà. Ó ṣeé ṣe kó ní kí wọ́n tún bù sí i.

Ó wo àwo. Ó wò mí.

"Kílódé, ta lo fẹ́ kó bá ọ fọ ìyẹn?"

Mo gbé ìgò omi mi kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì wọlé.